Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ Là Ń Pa Àmúkùrù Ẹpọ̀n

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ibi tí kòkòrò náà bà lé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí èèyàn bá fi í sílẹ̀, yóò máa fa ẹ̀jẹ̀. Bó bá sì fi ìbínú gbá a, ara òun fúnra rẹ̀ ni yóò jìyà jù. Òwe yìí kò sọ pé ká má pa á o. Pípa la máa pa á, bí a ṣe máa pa á ni àgbà ń kọ́ wa.

Òun ni mo máa ń rántí bí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé kí ìjọba kúkú ju bọ́ǹbù sí gbogbo igbó tí agbébọn wà, kí ọ̀rọ̀ parí. Ó ń dùn mí, nítorí pé ojú wa ni ogun Boko Haram ṣe ń lọ láti 2009.

Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ṣójà mú Mohammed Yusuf, olórí wọn, láàyè ní Maiduguri, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti kú sí àhámọ́ wọn. Kò dé iwájú adájọ́, kò sọ ẹni tó ń fún un lówó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti tán. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi, ẹlẹ́wọ̀n tó ju 700 lọ sì jáde. Abubakar Shekau ló wá di olórí, ọ̀rọ̀ sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀: ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Wọn kò parọ́. Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lára ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó lọ ní Chibok lóru ní oṣù Kẹrin 2014 kò ní àyè fún àlàyé. Kò sì sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba Bama tàbí Gwoza, àwọn ìlú Borno tí Boko Haram gbà, padà. Ìbọn ni wọ́n fi gbà wọ́n ní oṣù Kẹta 2015. Ṣùgbọ́n akátá yàtọ̀ sí adìẹ lójú. Ní Borno, aṣọ kan náà ni ọlọ̀tẹ̀ àti oníṣòwò ń wọ̀, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ láwọn ọdún náà. Ṣójà á yí àdúgbò ká, wọ́n á ní kí gbogbo ọkùnrin jáde, kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù, kí wọ́n jókòó sílẹ̀. Ẹnì kan tó bo ojú á wà nínú ọkọ̀. Wọ́n á máa kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti nawọ́ sí ọ, o di ará Bárékè Giwa nìyẹn, àhámọ́ ṣójà ní Maiduguri. Ta ló ń bi ẹni tó bojú náà léèrè bó ṣe mọ̀? Òun náà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n mú, tó ń wá bí òun ṣe máa gba ara rẹ̀ là. Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, sọ ní 2015 pé láti oṣù Kẹta 2011, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó ju 7,000 lọ ló kú sí àhámọ́ ṣójà: ebi, òùngbẹ, àìsàn, àti yàrá tó kún débi pé èèyàn kò rí àyè nà tàntàn. Àwọn ológun ní irọ́ ni. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n òòbẹ̀ yìí ní ìyá.

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wọ Giwa tí kò jáde, ṣé òun ló máa lọ sọ fún ṣójà pé àwọn àjèjì sùn sí ilé kejì lánàá? Bẹ́ẹ̀ irú ìròyìn yẹn gan-an ni ogun yìí ń fẹ́, ó ju bàálù lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Maiduguri mú igi àti àdá ní 2013, tí wọ́n di Civilian JTF, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ará ìlú, ohun tí wọ́n fi lé ọlọ̀tẹ̀ kúrò láàárín ìlú ni pé wọ́n mọ ọmọ ilé ta ni ta ni. Ìyẹn náà ní iye tó náni. Boko Haram gbẹ̀san lára àwọn abúlé, bẹ́ẹ̀ ni a rí ọmọdé láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú UNICEF, àjọ àgbáyé fún ọmọdé, ní 2017 pé àwọn kò ní lò wọ́n mọ́.

Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kìíní, bàálù ológun tiwa ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann ní Borno. Àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross ti kó oúnjẹ wá fún wọn. Mẹ́fà kú lára òṣìṣẹ́ yẹn, àwọn aláìnílé tó kú kò sì lóǹkà lójú mi, nítorí abẹ́ ààbò ìjọba wa ni wọ́n sá wá.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní 1957, ṣójà Faransé fi ìfìyàjẹni fọ́ ẹgbẹ́ FLN, tó ń jà fún òmìnira Algeria, túútúú nílùú Algiers. Ọ̀gágun wọn kan, Pâris de Bollardière, ní òun kò bá wọn dá sí i. Ẹ̀wọ̀n ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi san án fún un. Ìlú wà lọ́wọ́ Faransé, ọkàn àwọn ará ìlú ti lọ. Ní 1962, Algeria gba òmìnira.

Ọ̀nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìjọba dá Operation Safe Corridor sílẹ̀ ní 2016, wọ́n ń kọ́ àwọn tó bá túúbá níṣẹ́ ọwọ́ ní Mallam Sidi ní Gombe. Lẹ́yìn tí Shekau kú ní 2021 nínú ìjà òun àti ISWAP, ẹ̀ka tó yapa kúrò lára Boko Haram, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló jáde wá, tìyàwó tọmọ. Mo fara mọ́ ọn: ẹni tó bá jáde, ìbọn kan ti kúrò nínú igbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n opó tó wà ní ibùdó, tí kò rí owó fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ń wo ẹni tó ṣeé ṣe kó pa ọkọ rẹ̀ tó ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ta ló bi opó náà léèrè kí wọ́n tó bá a dárí ji ọkùnrin yẹn? Ìdáríjì tí kò kọ́kọ́ nu omijé opó, ìwà ìkà mìíràn ni lójú tèmi. Kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó pààyàn, kí wọ́n sì ti ọwọ́ opó bẹ̀rẹ̀ ìrànwọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ilẹ̀ Yorùbá níbí. A sin òkú àwọn tí wọ́n pa ní ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ ní 2022. Ní Igangan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tínú ń bí sun ilé Sẹ́ríkí Fúlàní, olórí àwọn Fúlàní ibẹ̀, ní oṣù Kìíní 2021. Ní oṣù Kẹfà, agbébọn wọ ìlú lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ààfin. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Mo ń béèrè bóyá iná àkọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn dáadáa. Fúlàní tó ti pẹ́ ní gàá ló mọ àjèjì tó kọjá nínú igbó lálẹ́. Bí Àmọ̀tẹ́kùn bá mú èèyàn, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tó wà fún ẹbí rẹ̀, kí wọ́n gbé e dé kóòtù. Kí ẹni tó bá mú ìròyìn wá lè padà sí gàá rẹ̀ lọ́sàn-án, kí gàá náà sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá dé.