Òtítọ́ Dọ́jà, Ó Kùtà: Ìgbàgbọ́ Ọjọ́ Ajé

Àwọn àgbà ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Wọn kò fi òwe yìí gbé èké níyì o, ọjà ni wọ́n fi ń dárò. Ẹni tó bá ń ná ọjà Oyíngbò tàbí Mile 12 mọ̀ bó ṣe ń rí. Ẹni tí kóńgò rẹ̀ pé yóò dá owó tó tọ́ lé ẹ̀wà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú, yóò dín owó díẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni èrò yóò ya sí. Wọ́n rò pé àwọn jèrè. Onígbàgbọ́ tí kóńgò rẹ̀ pé yóò wá jókòó ti ọjà rẹ̀, bíi pé ìwà rere ló ń lé oníbàárà.

Ìdánwò ìgbàgbọ́ nìyẹn l'Ékòó, ó sì le ju ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún lọ. Ámósì 8:5 sọ nípa àwọn oníṣòwò tó jókòó sínú ìsinmi, tí ọkàn wọn ti wà lọ́jà: ìgbà wo ni ìsinmi yóò kọjá, ká lè dín òṣùwọ̀n kù, ká fi ìwọ̀n èké tanni jẹ? Wòlíì náà kò bá wọn wí pé wọ́n pa ìsìn jẹ, òṣùwọ̀n èké ló torí ẹ̀ bá wọn wí.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò bá ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó máa gbà pé tòun ni. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí kóńgò títí yóò fi wú wọnú. Wọ́n á gé etí rẹ̀, wọ́n á ká a pa dà kó má baà hàn. Wọ́n á tẹ́ páálí tàbí ọ̀rá sí ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn kò fọwọ́ kan kóńgò rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá gààrí mọ́ra lókè kó lè rí ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ kò kì nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, wọ́n á ní ènì nìyẹn. Ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹrù oníbàárà ni wọ́n tún fi ń ṣe é lóore. Èyí tó burú jù wà nínú Diutarónómì 25:13-14: ìwọ̀n méjì nínú àpò kan, òṣùwọ̀n méjì nínú ilé kan, ńlá àti kékeré. Alágbàtà tó ń fi ńlá ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tó wá ń fi kékeré tà á fún ìyá olóúnjẹ, òun gan-an ni ẹsẹ yẹn ń bá wí.

Ẹ dán ti yín wò. Ẹ wá kóńgò tuntun tí kò lábùkù, ẹ bu omi kún un dé etí, kí ẹ dà á sínú èyí tí ẹ fi ń tajà. Omi tó bá ṣàn dànù, ìyẹn gan-an ni ẹ ń jẹ lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Ní ti sìkélì, omi lítà kan, kílò kan ni. Ìgò omi lítà kan àti ààbọ̀ tí wọn kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ, nítorí ike náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ wà lórí òdo kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. Sìkélì alásokọ̀ tí wọ́n ti ń gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ kọ́, sípíríǹgì rẹ̀ á nà, á sì máa rẹ́ oníbàárà jẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. Bí ọjà bá gbówó lórí, ẹ fi kún owó, ẹ má dín òṣùwọ̀n. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká kóńgò, ẹ wọn dérìkà fún un.

"Òṣùwọ̀n dáradára, àkìmọ́lẹ̀, àti àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀": gbogbo wa la ń ṣe àmín sí Lúùkù 6:38. Èdè àwọn tó ń wọn ọkà ni Jésù fi sọ ọ́, ó sì fi kún un pé òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n fúnni ni wọn yóò fi wọ̀n fún wa.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà lè ya sí ìsọ̀ mìíràn, ọmọ tó ń bá ni tajà n'Ídùmọ̀tà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Láti oṣù keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà ni ₦70,000. Òfin náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló sì sá sábẹ́ àyè yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: ọmọ tó ń gba ₦40,000, bó bá ń fi ₦1,500 péré wọkọ̀ lọ-bọ̀ fún ọjọ́ 26, ₦39,000 ti lọ. Ẹgbẹ̀rún kan ló kù fún oúnjẹ, aṣọ àti ilé. Ọ̀gá tó wá ń gbé àpò ìrẹsì fún un lọ́dún Kérésìmesì kò tíì ṣe oore, gbèsè ló yẹ kó kọ́kọ́ san.

Bí ọjà bá dín, ẹ má yọ owó ọmọ láìwádìí. Kí ẹ jọ ka ọjà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ará ilé ọ̀gá ló mú nǹkan tí kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti bíríkìlà àti lébúrà, Diutarónómì 24:15 ní kí oòrùn má wọ̀ bá owó wọn lọ́wọ́ wa. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí owó ọjọ́ náà sì ti wà nílẹ̀ láàárọ̀. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ilé ń gòkè lórí owó tí a ṣì ń retí. Ìjọ náà kò gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti máígádì, ká má fi "iṣẹ́ Olúwa ni" dí wọn lẹ́nu.

Ẹ̀yin onílé, òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011 kò fàyè gbà á kí a gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin yẹn yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mátíù 7:12, tó ní ká ṣe sí ẹlòmíràn bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, kò yọ àdúgbò kankan sílẹ̀.

Ohun tí a ti jẹ sẹ́yìn ńkọ́? Sákéù, agbowó-orí inú Lúùkù 19:8, ní òun yóò san án pa dà ní ìlọ́po mẹ́rin. Nọ́ńbà 5:7 ní ká san án pé, ká sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e: bí gbèsè owó iṣẹ́ bá jẹ́ ₦30,000, ₦36,000 ni ẹ ó gbé lọ. Bí ẹni náà bá ti kú, ẹ wá ẹbí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹbí, ẹsẹ 8 ní kó di ti Olúwa. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, owó lọ́wọ́, kí ẹ má ṣe mú pásítọ̀ dání láti bá yín bẹ̀bẹ̀ kó dín in kù.