Ọmọ tó fẹ́ kí màmá òun padà wálé

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi: nínú ọ̀rọ̀ Gaston Fébus àti ọmọ rẹ̀, mi ò lè gbè sẹ́yìn bàbá. Ìjòyè ńlá ni ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, òun ló ni Foix àti Béarn. Akin ni lójú ogun, ọdẹ paraku sì ni, ó tiẹ̀ kọ ìwé lórí ọdẹ ṣíṣe. Ilé rẹ̀ ńkọ́?

Ní 1349 ló fẹ́ Agnès, àbúrò Charles ọba Navarre. Lọ́dọ̀ tiwọn, ilé ìyàwó ló ń kówó fún ọkọ (ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rọra rẹ́rìn-ín), Charles ò sì san án tán. Nígbà tó di 1362, Fébus lé ìyàwó lọ. Ọmọ ọwọ́ ni ọmọ wọn nígbà náà. Ó gba ọmọ, ó lé ìyá.

Ọmọ yìí, Gaston bíi bàbá rẹ̀, dàgbà tán, ó lọ kí màmá rẹ̀ ní Navarre. Froissart, akọ̀wé tó dé ààfin Fébus ní Orthez ní 1388, ló kọ bí wọ́n ṣe ròyìn ìyókù fún un. Charles fún ọmọ ní ẹ̀tù nínú àpò kékeré: bù ú sí oúnjẹ bàbá ẹ, á tún fẹ́ràn màmá ẹ, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ so ó mọ́ àyà. Yvain, ọmọ tí bàbá bí síta, ti rí i. Ọjọ́ tí Gaston gbá a létí nídìí eré, ó sunkún lọ tú àṣírí. Fébus gé àpò náà já, ó bu ẹ̀tù sórí búrẹ́dì, ó jù ú sí ajá. Ajá kú.

Àwọn òpìtàn kan ní ọmọ náà bá àwọn ìjòyè dìtẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbé pẹ̀lú ìyá rí, tí wọ́n ní ẹ̀tù lásán lè dá a padà wálé, ṣé kò ní gbà á ni?

Wọ́n tì í mọ́lé, kò jẹun. Bàbá wọlé tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré tó fi ń tún èékánná ṣe, ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ló yọ láàárín ìka. Ó tì í mọ́ ọmọ lọ́rùn, ó ń bi í pé kí ló dé tí kò jẹun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iṣan ló bà, ọmọ sì kú. 1380 nìyẹn. Wọ́n ní bàbá fá orí, ó wọ dúdú. Ó yá, kí ó wọ̀ ọ́!

Nígbà tí òun náà kú ní 1391, Mathieu, ìbátan tí kò fẹ́ràn, ló jogún Foix. Yvain jóná níbi àríyá ọba ní Paris, January 1393, nínú aṣọ eré tí wọ́n fi ọ̀dà kùn.