Àgbà tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, bí bàbá àgbà bá jẹun tán, ọmọ tó bá gbé àwo lọ fọ̀ ló ni ohun tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìrù ẹja, ó sì lè jẹ́ orí panla tí ẹran díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ egungun rẹ̀. A máa ń du àwo yẹn. Òwe tí àwọn àgbà wá ń pa pé "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé", ojú wa ló ṣe. Ta ni yóò báni gbé igbá tó ti gbẹ?

Panla gbígbẹ yẹn, tó le débi pé ayùn ni àwọn ọlọ́jà fi ń rẹ́ ẹ, ẹja cod ni. Norway ni wọ́n ti ń sá a sórí igi nínú òtútù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irú ẹja yìí kan náà ló kún inú òkun Newfoundland, ní ìlà-oòrùn Kánádà. Nígbà tí atukọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ John Cabot débẹ̀ lọ́dún 1497, ìròyìn tó tàn kálẹ̀ ni pé agbọ̀n lásán ni èèyàn lè sọ sómi kó sì fà á jáde pẹ̀lú ẹja. Láti 1647 dé 1750, wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n kó níbẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí àwọn tírọ́là ńláńlá, ìyẹn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń fa àwọ̀n nínú òkun, dé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọdún 15 péré ni wọ́n fi kó iye kan náà. Lọ́dún 1968 nìkan, ó lé ní 800,000 tọ́ọ̀nù.

Àwọn àjèjì ló pọ̀ jù nínú àwọn tírọ́là wọ̀nyí. Lọ́dún 1977, Kánádà fa ààlà òkun rẹ̀ dé máìlì 200, ó sì lé wọn jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ìjọba fi owó ìrànwọ́ ti ilé iṣẹ́ ẹja tirẹ̀ lẹ́yìn, tírọ́là ọmọ ìlú sì bọ́ sí àyè tí ti àjèjì fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká má pe àwọn apẹja náà ní ọ̀kánjúwà, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Ká ní ìwọ ni o ni ọkọ̀. O rí ẹja kékeré, o ní kó máa lọ, kó dàgbà, kó yé ẹyin. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á gbé e. Ìwọ pàdánù, òkun náà ò jèrè, gbèsè ọkọ̀ rẹ sì ń gorí ara wọn. Bí àwo bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn tí kò sì sí àdéhùn láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́, ẹni tó bá ṣẹ́ nǹkan kù, ẹlòmíì ló ṣẹ́ ẹ kù fún. Bí ẹja bá sì ń wọ́n, owó rẹ̀ á gbówó lórí, èyí tó kẹ́yìn pàápàá á wá tó ohun tí èèyàn ń lé kiri.

Cod tún ní ìwà kan tó tan àwọn tó ń kà á jẹ. Bó ti ń dínkù, ṣe ló ń wọ́ jọ sójú kan. Tírọ́là ní ẹ̀rọ tó ń wá ibi tí ẹja wọ́ jọ sí, nítorí náà ó ṣì ń kún bó ti ń kún tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣírò sì rò pé òkun ló kún. Àwọn tó mọ̀ ni àwọn apẹja etíkun pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré wọn. Láàárín àwọn ọdún 1980 wọ́n ń ké pé ẹja ń kéré sí i, kò sì wá sétí omi mọ́. Ọmọ tó ń fọ àwo ló kọ́kọ́ ń rí i pé ìsàlẹ̀ ti gbẹ. Ìjọba ò gbọ́ tiwọn. Lọ́dún 1989, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn ní kí wọ́n dín in kù sí 125,000 tọ́ọ̀nù. Ìjọba ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ aráàlú, ó fọwọ́ sí 235,000.

Iṣẹ́ náà sì bọ́. Ní July 2, 1992, mínísítà ọ̀rọ̀ ẹja, John Crosbie, kéde ní St. John's, olú ìlú Newfoundland, pé wọ́n ti fòfin de pípa cod, àwọn apẹja sì ń gbá ilẹ̀kùn yàrá náà láti wọlé bá a. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ni kò níṣẹ́ mọ́. Ọdún méjì ni wọ́n pè é.

Ní Norway ńkọ́? Àwọn àti Rọ́ṣíà jọ ń jókòó lọ́dọọdún láti àwọn ọdún 1970 láti pín ẹja òkun Barents, tó wà ní àríwá orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nígbà tó dínkù ní nǹkan bí 1990, wọ́n fi ọwọ́ líle gé ìpín náà. Nígbà tó fi di 2013, ó ti di mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Ó tún ti ń dínkù báyìí, wọ́n sì tún ti gé e, sí 340,000 fún 2025. Ó ń dun àwọn apẹja ibẹ̀. Ìrora tí apá ṣì ká ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1992 yẹn kan náà ni òfin Nàìjíríà ní kí tírọ́là má fa àwọ̀n láàárín máìlì márùn-ún sí etíkun. Bí apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré bá wá ní tírọ́là ti fa àwọ̀n òun ya, tàbí pé ẹja tóun ń pa kò tó àtẹ́lẹwọ́ mọ́, ẹ má sọ pé aláròyé ni. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé nǹkan, ẹ gé e nígbà tí ẹja ṣì wà tí ẹ ó fi sílẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Kánádà tó kéde pé òfin Newfoundland ti kúrò. Iye tí ìjọba fún àwọn apẹja lọ́dún náà kò ju 18,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí Crosbie sọ̀rọ̀ ti ń lọ sí ọmọ ọdún 32, kò sì bá bàbá rẹ̀ ta àwọ̀n cod bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ta á rí.