Ta Ló Rí Ọba Jọ́ọ̀jì Níbi Tó Ti Dìde?

Ó ti sú mi. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé sí Abuja, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Messiah ti Handel, orin gígùn alápá mẹ́ta nípa Jésù, kiri láti Garki dé Gwarinpa, ẹnìkan á gba makirofóònù, á ní kí gbogbo ilé dìde fún orin inú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Hallelujah" torí pé ọba Gẹ̀ẹ́sì dìde nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kérésì tó kọjá, alága ètò tiwa fi kún un pé ẹni tó bá jókòó ń tàbùkù Ọlọ́run. Ìyá àgbàlagbà kan tó fọ̀pá rìn wọlé wà lórí ìjókòó iwájú. Àwọn èèyàn méjì gbá a lápá mú, ó di òró. Láàárín àwọn tẹ́nọ̀, àwa ọkùnrin olóhùn òkè, tí mo dúró sí, mò ń rí bí ẹsẹ̀ ìyá náà ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ìró. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí ẹnìkan tún fi ìtàn kan náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, tòun ti àwòrán ọba tó dé adé.

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ní London, lọ́dún 1743, Ọba Jọ́ọ̀jì Kejì jókòó, orin dé ibẹ̀, ó dìde, èrò sì bá a dìde. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló gbé e dìde, ẹnu wọn ò ní kò mọ́. Ẹ̀mí Mímọ́ ni, lẹ́nu ẹnìkan. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, lẹ́nu òmíràn. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ ní ọba rò pé eré ti parí, ó fẹ́ máa lọ sílé.

Handel kọ orin yìí lọ́dún 1741, láàárín ọjọ́ 24. Dublin, ní Ireland, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fún aráyé gbọ́, kì í ṣe London, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1742. A mọ ohun púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. A mọ̀ pé wọ́n bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n má wọ yẹ̀rì onírin tó máa ń fẹ̀ bí agboòrùn, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin fi idà sílé, kí àyè lè gba èèyàn 700. A mọ̀ pé nínú owó tí wọ́n pa ni wọ́n ti san gbèsè ẹlẹ́wọ̀n 142 tí wọ́n fi gba òmìnira. Nígbà tó dé London, ní ilé eré Covent Garden, ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1743, a mọ̀ pé Handel ò jẹ́ kọ orúkọ Messiah sínú ìpolówó, torí inú ń bí àwọn kan pé wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ilé eré. Ẹnìkan tiẹ̀ ti kọ ẹ̀hónú sínú ìwé ìròyìn kí wọ́n tó ṣe é.

Ọba wá ńkọ́? Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìwé ìròyìn London ìgbà yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ ọba ṣeré: ilé eré tó bá lọ, wọ́n á gbé e jáde. Bí Aláàfin bá ṣàdédé fò dìde láàárín ijó, tí gbogbo ìlú fò dìde tẹ̀lé e, ṣé onílù kan ṣoṣo ò ní fi ìlù sọ ọ́?

Lẹ́tà kan tí wọ́n kọ lọ́dún 1780 ni wọ́n ń dì mọ́. James Beattie, òǹkọ̀wé ará Scotland, ló kọ ọ́, ó ní ìjòyè kan ló sọ fún òun. Ọmọ ọdún méje ni Beattie lọ́dún 1743. Nígbà tó ń kọ lẹ́tà náà, ọba ti kú fún bí 20 ọdún, Handel ti kú fún 21. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé ohun tó kọ kì í ṣe ohun tí alága wa ń sọ. Ó ní orin wọ gbogbo èrò lára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọba tó bá wọn wà níbẹ̀. Kò sọ pé ọba ló kọ́kọ́ dìde. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí wọ́n ní, òun náà ò jẹ́ irú ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́.

Òótọ́ ni pé àṣà ìdìde náà ti pẹ́. Lẹ́tà ọdún 1756 kan ti mẹ́nu bà á. Ó sì lè jẹ́ pé ọba yọ́ wọlé lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́. Ibi tí mo lè bá wọn dé nìyẹn.

Wọ́n á ní orin Ọlọ́run ni, ọ̀wọ̀ la fi ń dìde. Ó dáa. Ṣé "I know that my Redeemer liveth" tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ Jóòbù 19:25, ti Ọlọ́run kọ́ nìyẹn ni? Mi ò tíì rí ẹni tó dìde fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ àwa tó ń kọrin, torí mo ti kọ ọ́ ní Zaria, mo sì ń kọ ọ́ ní Abuja títí di òní. Àwọn violin ló ń ṣáájú "Hallelujah", díẹ̀ báyìí, kí ohùn tó wọlé. Violin ò pọ̀ níbí. Èyí tó wà, ọyẹ́ á ti tú okùn rẹ̀ kí apá kìíní tó parí, kíbọ́ọ̀dù la fi ń dí àlàfo. Ìwọ̀nba ìgbà tí violin fi ń dún yẹn gan-an ni àga á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, gìrì gìrì, débi pé mò ń wo ọwọ́ ọ̀gá akọrin kí n tó mọ ibi tí màá ti wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Handel ò jẹ́ kí wọ́n lu timpani, ìlù ńlá oníkòkò yẹn, rí. Ibí yìí ló fi í pa mọ́ sí, kó lè bá èèyàn lójijì. Èèyàn tó ń ti àga sẹ́yìn, tó ń wá bàtà tó bọ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Nígbà tó bá tún kù ẹyọ kan, gbogbo wa á dákẹ́ lójijì kí a tó kọ ti ìgbẹ̀yìn. Inú ìdákẹ́ yẹn ni ẹnìkan tó ti wà lórí ìdúró máa ń pariwo "Haleluya!" kí a tó dé bẹ̀.

Ohun tó burú jù ni pé ẹni tó ti dìde ti gbà pé ó parí. "Hallelujah" ló kẹ́yìn apá kejì. Apá kẹta wà níwájú. Ṣùgbọ́n pátẹ́wọ́ ò ní tíì rọlẹ̀ tí wọ́n á ti máa gbé báàgì, tí wọ́n á máa jí àwọn ọmọ tó ti sùn. Sòpúránò wa á wá dúró síbẹ̀, á máa kọ orin Jóòbù fún ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn. Bí a bá fi dé "Amen", tí fèrè àti timpani tún padà wọlé, ìdajì ilé ti wà létí títì, wọ́n ń dúnàá dúrà lórí owó mọ́tò Kubwa.