Àtúnṣe lórí «pierast» (kí nǹkan mọ́ni lára) ti èdè Latvia

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ èyí tí ẹ kọ pé «es pieradu pie aukstuma» ni ará Latvia ń sọ nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọn lára, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àná, ìyẹn ti ohun tó ti kọjá, ni «pieradu». «Pierodu» ni ti èyí tó ń lọ lọ́wọ́ (wọ́n sì ń pe «o» yẹn bí «uo», ẹ má gbàgbé). Bó bá ti wá mọ́ wọn lára tán, ọkùnrin á ní «esmu pieradis», obìnrin á ní «esmu pieradusi». Ibi tó ń dá èèyàn láàmú jù ni «pie», ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń ṣáájú ohun tó mọ́ni lára: «pie tumsas» fún òkùnkùn, ṣùgbọ́n «pie cilvēkiem» fún àwọn èèyàn, torí ìparí ọ̀rọ̀ máa ń yí padà bí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ.