Bí A Ò Bá Gbàgbé Ọ̀rọ̀ Àná

"Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré." Ẹni tó ṣeni gan-an ló máa ń yára pa òwe yìí jù. Á fowó ẹni jẹun tán, á wá máa pòwe.

Ọmọ ọba ni Elisabeth. Ìlú Darmstadt ní Jámánì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1864, Ella ni wọ́n sì ń pè é nílé. Lọ́dún 1878, àrùn diphtheria pa ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kékeré láàárín oṣù méjì. Ní 1884, Sergei, àbúrò ọba Rọ́ṣíà, fẹ́ ẹ. Ọkọ yìí di gómìnà Moscow, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ́ o: ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù kúrò nílùú.

Ní February 1905, Ivan Kalyayev, ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ dojú ìjọba ọba Rọ́ṣíà dé, ju bọ́ǹbù lu Sergei, ó sì pa á. Lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ọkùnrin yìí kan náà ti dáwọ́ dúró nítorí pé ó rí Ella àti àwọn ọmọdé nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí bọ́ǹbù náà wá dún, Ella sáré jáde, ó kúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa òkú ọkọ rẹ̀ jọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó lọ bá apànìyàn náà lẹ́wọ̀n, tó mú ìdáríjì àti àwòrán mímọ́ kan lọ fún un. Kalyayev gba àwòrán náà, àmọ́ kò kábàámọ̀, kò sì bẹ ọba. Wọ́n yẹgi fún un ní May.

Ṣé Ella wá gbàgbé ni? Níbi tí ọkọ rẹ̀ kú sí, wọ́n gbé àgbélébùú ńlá kan dúró ní 1908. Àdúrà Jésù ló wà lára rẹ̀, pé kí Baba dárí jì wọ́n torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń rí ibi tí wọ́n ti pa á, ló sì ń ka ìdáríjì níbẹ̀.

Lójú tèmi, òwe yẹn kò sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ wá la gbọ́dọ̀ padà lọ bá ṣeré. Kalyayev kò di ọ̀rẹ́ Ella. Àwọn mìíràn ló wà níta, tí ìbínú àná lè máà jẹ́ ká rójú rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń parí ìjà nínú ẹbí, ẹ má fi òwe pa ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó rán Ella lọ bá Kalyayev lẹ́wọ̀n. Òun ló ta ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, tó fi dá ilé àwọn obìnrin onísìn Marta àti Maria sílẹ̀ ní Moscow ní 1909. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ilé oògùn wà níbẹ̀, ilé ọmọ aláìlóbìí náà wà níbẹ̀. Àárín àwọn wọ̀nyí ló wà títí àwọn Bolshevik, ìyẹn àwọn Kọ́múníìsì tó gbàjọba Rọ́ṣíà, fi wá mú un ní 1918.