Pé eegun ò dùn yín kò sọ pé ó le

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò ìyá mi, ẹni ọdún 67, ká ìwé tí dókítà fún wọn pé kí wọ́n lọ yẹ eegun wò, wọ́n tì í bọ inú báàgì. Wọ́n ní, "Ibo ló ń dùn mí? Eegun tó bá lárùn, ṣebí yóò máa ro èèyàn." Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́, torí ojú mi ló ṣe lára ìyá mi.

Ìyá mi ò fìgbà kan sọ pé eegun ń ro àwọn. Ohun tá a kàn rí ni pé etí kaba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, kaba tí wọ́n ti ń wọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A ní aṣọ ló fà. Èmi gan-an ni mo ká etí rẹ̀ sókè tí mo rán an. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tẹ̀ba gbé garawa omi tí kò tiẹ̀ kún dé ìdajì, ẹ̀yìn wọn sì dún. X-ray fi hàn pé eegun ọ̀pá ẹ̀yìn méjì ló ti wó: ọ̀kan tuntun, ọ̀kan ti pẹ́. Èyí tó pẹ́ yẹn, àwọn fúnra wọn ò mọ ọjọ́ tó ṣẹ́. Wọ́n ti kúrú, èmi ń gé aṣọ.

Kì í ṣe tiwọn nìkan. Nínú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn mẹ́ta tí osteoporosis (àrùn tó máa ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́) bá ṣẹ́, nǹkan bíi méjì ni ẹnikẹ́ni kì í fura sí lásìkò tó ṣẹ́. Ara wa ló ń tú eegun palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń mọ òmíràn dípò rẹ̀. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, títú á máa yá ju mímọ lọ. Kò sí ìrora kankan nínú títú yẹn. Orúnkún àti oríkèé tó ń roni, làkúrègbé nìyẹn, àìsàn ọ̀tọ̀ ni.

Àwọn míì á ní X-ray àwọn mọ́. X-ray lásán kì í sábà rí àrùn yìí àfìgbà tí nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún eegun bá ti lọ. Àwọn kan á ní kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, pé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn. Á pé, torí inú eegun lara ti ń fà á kó lè pé!

DXA ni àyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ á kọjá lókè ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn yín, kò sí abẹ́rẹ́, kì í sì í ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n á fi eegun yín wé ti ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá. Bí nọ́ńbà tó jáde bá jẹ́ -2.5 tàbí tó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, osteoporosis ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀ lọ́dún 1994. Ti ìyá mi jẹ́ -3.2. Mo gbà pé nọ́ńbà yìí ò lè sọ ọjọ́ tí eegun á ṣẹ́, eegun àwọn tí tiwọn ò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ náà sì máa ń ṣẹ́.

Obìnrin tó bá ti pé ọdún 65, kó lọ. Kó má dúró dìgbà yẹn bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró kó tó pé ọdún 45, bó bá ti lo prednisolone (oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan) fún oṣù mẹ́ta, bó ń mu sìgá, tàbí bó bá kàn ṣubú lórí ìdúró tí eegun sì ṣẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé ẹ ti yọ: lẹ́yìn ọdún 50, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọkùnrin márùn-ún ni osteoporosis máa ń ṣẹ́ eegun rẹ̀.

Ẹni tí eegun ìgbáròkó ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ti ṣẹ́ rí náà wà nínú ewu. Ìyá mi àgbà, tó bí ìyá mi àti àbúrò wọn yìí, ṣubú nínú yàrá, ìgbáròkó ṣẹ́, wọn ò sì dá rìn mọ́. Mo rán àbúrò ìyá mi létí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n bá àwọn mú ìwé yẹn jáde nínú báàgì. Ọjọ́rú ni a máa lọ.